Yíyan Ẹ̀rọ Ìránṣọ fún Ilé, láti Ìkìrun dé Òkukù

Ẹ̀rọ ìránṣọ inú ilé yàtọ̀ sí èyí tí télọ̀ fi ń jẹun. Ti télọ̀ kì í sinmi. Bí Iléyá tàbí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè máa dún wọ òru. Ti inú ilé lè wà ní igun yàrá fún oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, títí ṣòkòtò iléèwé ọmọ yóò fi ya ní orúnkún, tàbí tí kọ́tìnì tuntun yóò fi nílò ìṣẹ́tí. Eré sísá kọ́ ni wọ́n fi ń díwọ̀n irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí onílé ń fẹ́ ni èyí tí yóò ránṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá jókòó tì í, tí owó rẹ̀ kò ní kó owó iléèwé ọmọ lọ, tí ẹni tó lè tún un ṣe kò sì jìnnà sílé.

Lójú ọ̀nà tó ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀ffà, kókó tó gbẹ̀yìn yẹn ló wúwo jù. Ìkìrun, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní ọjà tó tóbi, ó sì ní àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ìnísà àti Òkukù, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ní tiwọn níwọ̀nba. Ṣùgbọ́n ní ìlú kékeré bí Ìgbayè, ẹ̀rọ tó bá kọṣẹ́ ní ọ̀sán Sátidé lè máa wo onílé títí di ọjọ́ tí yóò ráyè gbé e wọ mọ́tò. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ kọ́kọ́ mọ ẹni tí yóò máa tún un ṣe, kó tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Kí ó lọ bá onítọ̀hún ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kó wo irú orí máṣíìnì tó kún ilẹ̀ níwájú rẹ̀, kó sì bèèrè èyí tí ohun èlò rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ìdáhùn tí yóò gbà níbẹ̀ níye lórí ju ìpolówó èyíkéyìí lọ, ìdáhùn náà kì í sì í yàtọ̀ láti ìlú kan sí èkejì: máṣíìnì dúdú.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yéni, ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ ṣe ń ránṣọ. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò dà bí abẹ́rẹ́ ọwọ́. Ìtòsí ṣóńṣó ni ojú rẹ̀ wà. Ó gbé òwú òkè gba inú aṣọ kọjá, bó sì ṣe ń padà sókè, òwú náà ta rìbìtì díẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Ìkọ́ irin kan tó wà nísàlẹ̀ gbá rìbìtì náà mú, ó fà á yí bọ́bìnì ká, òwú ìsàlẹ̀ sì ti wọ inú rẹ̀. Òwú méjèèjì so kọ́ra láàárín aṣọ, eyín irin tó wà lábẹ́ sún aṣọ síwájú, abẹ́rẹ́ tún sọ̀ kalẹ̀. Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irú ìránṣọ olówùú méjì yìí ní 1846. Isaac Merritt Singer gba tirẹ̀ ní 1851, orúkọ Singer ló sì kárí ayé. Láti 1856 ni ilé iṣẹ́ Singer ti ń jẹ́ kí ènìyàn gbé ẹ̀rọ lọ sílé kó máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń gbé aṣọ fún ènìyàn láwìn, tí wọ́n sì ń padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde, mọ̀ pé ọgbọ́n náà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa.

Nínú gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ tí Singer ṣe, èyí tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 15 ló bí máṣíìnì dúdú òde òní. Orí rẹ̀ jẹ́ irin dídà, ìránṣọ gbọọrọ nìkan ló ń ṣe, bọ́bìnì rẹ̀ sì kéré, ó rí rìbìtì, inú ilé irin kékeré tí àwọn télọ̀ ń pè ní késì ló sì ń gbé. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ló ń lo bọ́bìnì gígùn nínú ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi ti ahunṣọ. Bọ́bìnì rìbìtì yìí ya àwọn ará Japan lẹ́nu débi pé ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ fi í sọ ara rẹ̀ lórúkọ: Janome, ìyẹn ojú ejò. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ilé iṣẹ́ Japan fara wé nọ́ńbà 15 lọ́pọ̀ yanturu, àwọn ará Ṣáínà náà sì ń ṣe é. Butterfly, tó ti Shanghai wá, tí gbogbo télọ̀ mọ àwòrán labalábá ara rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé yìí. Ní Ṣáínà fúnra rẹ̀, ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, aago ọwọ́, kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ ìránṣọ ni ìyàwó ń retí kó tó wọlé ọkọ, bí ẹní ka ẹrù ìdána.

Èrè tó wà nínú ìbátan yìí fún onílé pọ̀. Bọ́bìnì, késì, abẹ́rẹ́ àti ìkọ́ ẹ̀rọ kan máa ń bá èkejì mu, bí orúkọ tí wọ́n kọ sí ọrùn wọn tilẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí késì rẹ̀ bá sọnù ní Ìnísà kò ní láti wá orúkọ kan pàtó kiri. Èyí tó bá wà lórí àtẹ ni yóò rà. Ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe náà kò nílò ìwé kankan, nítorí pé ọ̀kan náà ni ohun tó kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àti ohun tó ń rí lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ kan lè lẹ́wà jù ú lọ, ó lè mọ iṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ní agbègbè yìí kò sí èyí tó rọrùn láti tọ́jú tó o.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ara ẹ̀rọ nílò àlàyé díẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá tí Singer ní ní Clydebank, ní Scotland, ṣí ní 1885, wọ́n sì tì í ní 1980. Máṣíìnì dúdú tuntun tí wọ́n kọ Singer sí lára lónìí kò lè ti ibẹ̀ wá. Ṣáínà ló sábà máa ń jẹ́ orírun rẹ̀, àwòrán wúrà ara rẹ̀ kò sì yẹ kó fi kọ́bọ̀ kan lé owó rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti Clydebank ni ti ìyá àgbà tó wà lábẹ́ aṣọ nínú yàrá. Lẹ́tà K tó máa ń tẹ̀lé nọ́ńbà irú wọn, bíi 15K tàbí 99K, dúró fún Kilbowie, ibi tí ilé iṣẹ́ náà wà ní Clydebank.

Ẹni tó bá jogún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè má nílò láti ra òmíràn rárá. Irin wọn dára, ìpata orí irin sì lè má wọ inú. Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni kó yọ bọ́bìnì rẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ 15K, ìṣòro ti tán, nítorí pé ohun èlò máṣíìnì dúdú ọjà yóò bá a mu. Bó bá jẹ́ 66K tàbí 99K, bọ́bìnì rẹ̀ tún rí rìbìtì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ènìyàn bá fi ti 15 sínú rẹ̀, òwú yóò máa já láìdábọ̀. Bó bá jẹ́ 28K, tí bọ́bìnì rẹ̀ gùn bí ìṣó tó sì ń gbé inú ọkọ̀ kékeré, kí onílé ṣọ́ ọkọ̀ náà bí ẹyin ojú, torí pé ọjọ́ tó bá sọnù, ó lè di dandan láti wá a dé Ìbàdàn tàbí Èkó.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà yí máṣíìnì dúdú: ọwọ́, ẹsẹ̀ tàbí iná. Ọlọ́wọ́ ló fúyẹ́ jù, òun ló sì máa ń wọ́n níwọ̀nba, torí pé kò nílò ìdúró. Òun ni àwọn télọ̀ alárìnkiri, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Hausa, máa ń gbé lé èjìká ká àdúgbò, tí wọ́n á máa fi àlùmágàjí lu irin kí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya lè gbọ́ kó pè wọ́n. Ẹ̀rọ tó ń fara da oòrùn, eruku àti èjìká lójoojúmọ́, tó tún ń ránṣọ gbọọrọ lábẹ́ igi, ti fi ara rẹ̀ hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí i, ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún aṣọ. Fún ìṣẹ́tí bẹ́ẹ̀dì àti lílẹ aṣọ tó ya, ìyẹn tó. Bó bá di síìpù tàbí ọrùn bùbá, ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ kẹta.

Ẹlẹ́sẹ̀ dá ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Kò gba iná, kò gba epo bẹntiróòlù, ẹsẹ̀ ló sì ń pinnu bóyá kó sáré tàbí kó máa rìn jẹ́jẹ́. Ohun tó ń dààmú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni ìbẹ̀rẹ̀. Wíìlì ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa yí wá sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó. Bó bá yí padà sẹ́yìn, òwú á kó jọ sábẹ́ aṣọ, á sì já. Àwọn ọ̀gá télọ̀ kì í fi òwú sójú abẹ́rẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ tuntun. Bébà ìwé ni wọ́n ń fún un, kí ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ lórí ìlà rẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Ẹni tó ra ẹ̀rọ sílé láì kọ́ṣẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ méjì, yóò sì fi òwú púpọ̀ pamọ́.

Oníná ni èyí tí wọ́n so mọ́tò kékeré mọ́ lẹ́yìn, tí pẹ́dàlì rẹ̀ wà nílẹ̀. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ nǹkan bí 100 sí 180 wáàtì, èyí tó kéré gan-an sí ohun tí áyọ́ọ̀nù fi ń gbóná. Ínfátà kékeré tàbí sólà ilé lè gbé e. Iná ìjọba ni kò ṣeé gbọ́kàn lé. Àwọn ènìyàn ṣì ń pè é ní NEPA, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ yẹn ti kúrò nílẹ̀ láti 2005, tí IBEDC sì ti ń pín iná ní Ọ̀ṣun láti 2013. Orúkọ tó yí padà kò tíì mú kí iná dúró. Ohun tó bọ́gbọ́n mu jù fún ilé ni láti ra ẹlẹ́sẹ̀, kí wọ́n so mọ́tò mọ́ ọn bí owó bá ṣẹ́ kù, kí wọ́n má sì ju bẹ́líìtì ẹsẹ̀ nù. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, wọ́n á yọ bẹ́líìtì mọ́tò, wọ́n á fi ti ẹsẹ̀ kọ́ wíìlì, iṣẹ́ á sì máa bá a lọ.

Ẹ̀yà kejì tí onílé lè rí lọ́jà ni àwọn ẹ̀rọ funfun oníke tí Brother, Janome àti Singer ìgbàlódé ń ṣe. Wọ́n mọ ohun tí máṣíìnì dúdú kò mọ̀. Wọ́n ń rán wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n ń ṣe ihò bọ́tìnnì, wọ́n sì lè rán aṣọ tó ń fà bíi jẹ́sì láì jẹ́ kí òwú já nígbà tí wọ́n bá na aṣọ náà. Singer Heavy Duty 4423 ní irú ojú ìránṣọ 23, ó sì lè rán 1,100 ojú ní ìṣẹ́jú kan. Fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, tó ní iná, tó sì máa ń lọ sí Òṣogbo tàbí Ìbàdàn déédéé, ẹ̀rọ rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ló ní eyín oníke nínú, tó máa ń sán bí wọ́n bá fi agbára rán jíǹsì onípele mẹ́rin, èyí tó sì ní kọ̀ǹpútà nínú lè dákẹ́ lọ́jọ́ tí iná bá ya wọlé lójijì. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ní Òkukù, ẹni tó ń tún máṣíìnì dúdú ṣe á tú u, á wò ó, á sì dì í padà.

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ oníke yìí ló jẹ́ tòkunbọ̀, tàbí ẹ̀bùn tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Kí wọ́n tó ki pílọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná, ó di dandan kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀. Iná Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 230 fólíìtì. Ti Britain kò yàtọ̀ sí i, nítorí náà ẹ̀rọ tó ti London wá lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Japan sì jẹ́ 100. Ẹ̀rọ tó bá ti ibi méjèèjì yìí wá gbọ́dọ̀ gba inú tíráńsífọ́mà tó ń dín iná kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èéfín ni yóò kọ́kọ́ rán. Owó tíráńsífọ́mà sì jẹ́ ara owó ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúnàá dúrà.

Ẹ̀rọ índọ́sítíríà, èyí tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ ìránṣọ, kì í ṣe ti ilé. Juki DDL-8700, tí àwọn télọ̀ ńlá fẹ́ràn, lè rán ojú 5,500 ní ìṣẹ́jú kan. Kí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ tó ṣẹ́jú, aṣọ ti kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Tábìlì rẹ̀ gba ìdajì yàrá, ìránṣọ gbọọrọ kan náà ló sì ń ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wífíìnì, ẹ̀rọ tó ń dí etí aṣọ kó má baà tú. Kò sí ìdí tí ilé kan fi gbọ́dọ̀ ní i. Àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń wífì wà káàkiri, iye díẹ̀ ni wọ́n ń gbà lórí aṣọ kan. Ẹni tí kò bá fẹ́ rìn débẹ̀ lè ṣẹ́ etí aṣọ pọ̀ sínú ara rẹ̀ kó tún rán an mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn télọ̀ àtijọ́ ti ń ṣe sí bùbá àti dàńṣíkí kí wífíìnì tó dé.

Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kékeré oníke tí kò ju sítápúlà lọ, tí wọ́n ń polówó lórí fóònù, kò yẹ kó gba àkókò ẹnikẹ́ni. Òwú kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Bí ìdí òwú náà bá tú, gbogbo ìlà á fà jáde bí ẹni ń tú irun.

Ní ti owó, kò sí iye tí ènìyàn lè kọ sílẹ̀ lónìí tí yóò ṣì jẹ́ òótọ́ títí di Iléyá. Láti òkè òkun ni àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà wọ́n. Kí ìjọba tó jọ̀wọ́ náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 470 náírà. Kó tó di ìdajì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,400. Owó ẹ̀rọ tẹ̀ lé e. Ohun tó ṣeé sọ ni bí owó náà ṣe pín. Orí, pátákó àti ìdúró irin jẹ́ ohun mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ olùtajà ń tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó bá gbọ́ iye tó dùn mọ́ ọn létí gbọ́dọ̀ bèèrè bóyá orí nìkan ni. Ibi tó yẹ kí owó lọ ni orí. Pátákó lè jẹ́ èyí tí káfíńtà ìlú gé, ìdúró irin àlòkù tí kò sán sì lè sin ọmọ ọmọ ẹni.

Ọjà àlòkù pàápàá ní ohun rere nínú. Ọmọ iṣẹ́ tó gba fírídọ̀mù tó sì yí iṣẹ́ padà máa ń fẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀ kíá. Àwọn olóṣèlú náà máa ń pín ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìlọta nígbà ìrónilágbára, díẹ̀ nínú wọn sì máa ń dé ọjà kí àwòrán olóṣèlú tó ṣí kúrò lára rẹ̀. Àwòrán kò ba ẹ̀rọ jẹ́. Kí olùrà ṣáà wò ó bóyá bóòtù ìdúró pé, torí pé ẹ̀rọ tí wọ́n kó jọ fún ayẹyẹ ọjọ́ kan kì í sábà rí ẹni di bóòtù rẹ̀ dáadáa.

Yíyẹ ẹ̀rọ wò ni iṣẹ́ gidi, olùtajà tí kò bá fẹ́ kí wọ́n yẹ ọjà rẹ̀ wò ti fèsì ìbéèrè tí wọn kò tíì bi í. Ohun tó yẹ kí olùrà gbé lọ́wọ́ lọ ni ankara ìṣẹ́po méjì, lééṣì tàbí sátíìnì pẹlẹbẹ kan, ẹ̀já jíǹsì tó ṣeé ṣẹ́ sí mẹ́rin, bébà ìwé tó ní ìlà, àti òwú oríṣi àwọ̀ méjì. Bó bá ní mágnẹ́ẹ̀tì kékeré, kó mú un dání pẹ̀lú: orí tó jẹ́ irin dídà á gbá a mú, èyí tí wọ́n fi alúmíníọ̀mù ṣe kò ní dá a lóhùn. Alúmíníọ̀mù fúyẹ́ láti gbé, ṣùgbọ́n kì í jókòó jẹ́jẹ́ bí irin nígbà tí iṣẹ́ bá le.

Láì tíì fi òwú sí i, kó fi ọwọ́ yí wíìlì díẹ̀díẹ̀. Ó yẹ kó lọ geere, kí ìwúwo rẹ̀ má sì yí padà lójijì níbì kankan. Ibi tó bá ti ń sé, nǹkan ń kan nǹkan níbẹ̀. Kó di ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́ mú, kó mì í síwá sẹ́yìn. Mímì díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, irin inú rẹ̀ ti jẹ. Kó wo bóyá abẹ́rẹ́ ń wọ àárín ihò rẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, kó ṣí orí sókè kó wo abẹ́ rẹ̀: ibẹ̀ ni ìpata, jíjó irin pọ̀ àti epo tó ti dì bí oje igi máa ń fara pamọ́ sí, tí òkè rẹ̀ á sì máa dán yinrin.

Bébà ló kàn. Kó rán an láìsí òwú, kó tẹ̀ lé ìlà. Ihò tó bá dọ́gba, tí àyè àárín wọn kò yàtọ̀, fi hàn pé eyín tó ń sún aṣọ ṣì mú. Kó yí ọ̀pá ìdápadà sókè kó rán sẹ́yìn; lára ẹ̀rọ tó dára, abẹ́rẹ́ á máa padà sínú ihò tó ti lu tẹ́lẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Bí bébà bá ń ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín náà ti jẹ tàbí ó ti wọ́.

Lẹ́yìn bébà ni òwú, pupa lókè, funfun nísàlẹ̀. Kó tó ki késì bọ ẹ̀rọ, kó fi òwú rẹ̀ gbé e rọ̀ lọ́wọ́. Bó bá ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ó dẹ̀ jù. Bó bá dúró, tó sì sọ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n mì í, ó wà bó ṣe yẹ. Kó wá rán ankara, kó wo ojú méjèèjì. Bí pupa bá ń yọ lábẹ́, òwú òkè ló dẹ̀. Bí funfun bá ń yọ lókè, òwú òkè ló le jù. Èyí kì í ṣe àrùn, ìṣó kékeré tó ń fún òwú ló nílò yíyí. Àrùn ni bí wọ́n bá yí i títí tí kò dáhùn. Lórí lééṣì, kó wò ó bóyá aṣọ ń ṣùpọ̀. Lórí jíǹsì onípele mẹ́rin, kó máa rán an jẹ́jẹ́, kó sì wò ó bóyá ẹ̀rọ ń fò, ìyẹn bí abẹ́rẹ́ ṣe ń lọ láì gbé òwú ìsàlẹ̀. Bó bá ń fò lórí jíǹsì nìkan, kó pààrọ̀ abẹ́rẹ́ kó tó dá a lẹ́bi.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbójú fò, òun ló sì ń fa ìdajì ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ. Ti máṣíìnì dúdú àti ti ẹ̀rọ oníke jẹ́ irú kan náà, HAx1, tí ẹ̀gbẹ́ kan orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ti índọ́sítíríà, DBx1, rí rìbìtì yíká, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá ki í bọ ẹ̀rọ ilé. Nọ́ńbà 11 wà fún lééṣì àti sátíìnì, 14 fún ankara àti aṣọ iléèwé, 16 fún aṣọ òkè àti kọ́tìnì tó nípọn, 18 fún jíǹsì. Abẹ́rẹ́ tó bá ti ń dún tọ́tọ́tọ́ bó ṣe ń wọ aṣọ ti kú, kò sídìí láti máa tọ́jú òkú rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti san owó, ọ̀nà ilé tún kù. Ọ̀pọ̀ orí máṣíìnì tó dára ní Òṣogbo ló dé Ìkìrun pẹ̀lú irin inú tó ti yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, nítorí pé wọ́n jù ú sínú àpò lẹ́yìn mọ́tò. Kí wọ́n yọ abẹ́rẹ́ àti késì kúrò, kí wọ́n fi aṣọ sábẹ́ ẹsẹ̀ kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lé e, kí wọ́n sì di wíìlì kó má yí. Orí gbọ́dọ̀ dúró lórí ìdí rẹ̀, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nínú ilé, ọ̀tá mẹ́ta ni ẹ̀rọ ní: eruku ọyẹ́, ikán àti epo tí kò yẹ. Aṣọ ìbora kan tó fún eruku. Nítorí ikán, kí ìdúró má fara kan ògiri, kí wọ́n sì máa wo abẹ́ pátákó nígbà òjò. Epo máṣíìnì tó mọ́ bí omi ni kí wọ́n máa kán sí àwọn ihò rẹ̀, ẹ̀kán kan tàbí méjì, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ bí wọ́n bá ń lò ó, àti ṣáájú lílò bó bá ti pẹ́ tó ti dúró. Epo pupa àti òróró á dì sínú rẹ̀, ọ́ìlì mọ́tò á nípọn jù. Kẹrosíìnì lè fọ èyí tó ti dì kúrò, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe epo. Epo gidi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kán epo, kí wọ́n rán aṣọ àkísà díẹ̀ kí epo má baà kan funfun ẹni.

Bí ọmọdé bá wà nílé, yíyọ bẹ́líìtì kúrò lára wíìlì lẹ́yìn iṣẹ́ tó láti mú kí abẹ́rẹ́ dúró sójú kan, bí wọ́n tilẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ìsàlẹ̀ ṣeré. Bẹ́líìtì awọ tuntun fúnra rẹ̀ máa ń nà ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ á máa yí, orí kò ní dáhùn. Wọn kò ní láti ra òmíràn. Kí wọ́n yọ wáyà tó so ó pọ̀, kí wọ́n gé e kúrò ní ìwọ̀n àtàǹpàkò kan, kí wọ́n lu ihò tuntun sí i, kí wọ́n sì fi wáyà kan náà so ó padà.